Iná Douala àti Àwọn Tí Ń San Owó Rẹ̀



Bí ilẹ̀ bá ṣú ní ìlú Douala, ẹni tí ó bá dúró lórí afárá odò Wouri yóò rí iná tí ń tàn lójú omi bí ìràwọ̀ tí ó wálẹ̀ wá wẹ̀. Ní apá kan ni èbúté wà, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù tí Kamẹrúùnù yóò lò, tí ó sì tún ń já ẹrù tí yóò kọjá lọ sí ilẹ̀ Chad àti ilẹ̀ Central African Republic. Ní apá kejì ni Bonabéri wà, pẹ̀lú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ìlú náà ti ju mílíọ̀nù 3 ènìyàn lọ. Kò sí ìlú mìíràn ní Kamẹrúùnù tí òwò rẹ̀ tó ti ibẹ̀. Bí iná bá kú ní Douala, gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni ó ń kọsẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ lónìí kò le, ṣùgbọ́n àwọn tí ń bèèrè rẹ̀ kò pọ̀. Níbo ni iná náà ti ń wá? Ta ni ń san owó rẹ̀? Kì í ṣe owó tí a ń kọ sínú ìwé owó iná lóṣooṣù ni à ń wí. Owó mìíràn wà tí kò sí nínú ìwé kankan: ilẹ̀ tí omi bò, igbó tí ó rì, ẹja tí kò sí mọ́, èéfín tí ọmọdé ń fà símú. Ọ̀rọ̀ Kamẹrúùnù sì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí aládùúgbò wa ni wọ́n, nítorí odò wọn ń ṣàn wọ ilẹ̀ wa, àti nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe lónìí ni àwa náà ń gbèrò láti ṣe.

ODÒ KAN ṢOṢO

Odò tí ń tan iná Douala ni Sanaga. Láti orí òkè Adamawa ni ó ti ń bọ̀, ó sì ń rìn nǹkan bí 900 kìlómítà kí ó tó wọ inú òkun. Ní Edéa, tí kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà sí Douala, omi náà ń já láti orí àpáta. Ní ayé ìjọba Faransé ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná síbẹ̀, iná náà sì bẹ̀rẹ̀ sí tàn ní ọdún 1953. Ẹ má ṣe rò pé nítorí àtùpà àwọn aráàlú ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ álúmínì, tí a ń pè ní Alucam, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní 1957 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ álúmínì ní ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ iná gan-an. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń kó erùpẹ̀ funfun tí a ń yọ álúmínì lára rẹ̀ wá. Ohun tí Kamẹrúùnù fi kún un ni iná, nítorí pé iṣẹ́ náà a máa jẹ iná bí ẹni tí ebi ọjọ́ mẹ́ta ń pa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé iṣẹ́ kan yìí fi ń mu apá ńlá nínú gbogbo iná tí odò Sanaga ń mú jáde, nígbà tí àwọn abúlé tí ó yí i ká ń tan fìtílà elépo.

Nígbà tí Edéa kò tó mọ́, wọ́n gòkè odò lọ díẹ̀, wọ́n sì kọ́ ti Song Loulou, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1981. Agbára rẹ̀ jẹ́ 384 mẹ́gáwáàtì. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣe ohun tí í dúró lójú kan. Ní àkókò òjò, Sanaga a máa ru. Láti nǹkan bí oṣù kìn-ín-ní ọdún títí di oṣù kẹfà, omi rẹ̀ a máa fà. Ẹ̀rọ tí omi ń yí kò sì lè yí bí omi kò bá tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gòkè lọ sé àwọn odò kéékèèké tí ń bọ́ Sanaga, kí wọ́n lè tọ́jú omi òjò pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ti ń gbe omi sínú àmù. Wọ́n kọ́ ìsédò Mbakaou ní 1969, ti Bamendjin ní 1974, ti Mapé ní 1987. Nínú àmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni Douala ti ń mu omi iná rẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ ará Douala mọ orúkọ wọn.

Síbẹ̀síbẹ̀ kò tó. Ní ọdún 2001 sí 2003, ọ̀dá mú kí omi fà púpọ̀, iná sì ń kú lákúàkútán. Nígbà náà ni ó yé gbogbo ènìyàn pé orílẹ̀-èdè tí ó gbé gbogbo ẹrù iná rẹ̀ lé orí odò kan ṣoṣo, ojú sánmà ni yóò máa wò bí àgbẹ̀.

OMI TÍ Ó ṢÀN KỌJÁ

Èyí tí ó tóbi jù nínú àwọn àmù náà ni Lom Pangar, ní apá ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù, ó ju 300 kìlómítà lọ sí Douala. Ní ọdún 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sé omi síbẹ̀. Ó lè gba omi tí ó tó bílíọ̀nù 6 mítà oníkúbù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí èyí ti pọ̀ tó, kí ó kan àpótí kan tí gígùn, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Bílíọ̀nù 6 irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni omi náà yóò kún. Nígbà tí adágún náà bá kún, ilẹ̀ tí ó bò ju 500 kìlómítà lọ́nà mẹ́rin lọ.

Kí ni ó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀? Igbó wà níbẹ̀, ọ̀dàn wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, abúlé wà níbẹ̀. Ọ̀nà páìpù tí ń gbé epo rọ̀bì láti Chad lọ sí etíkun Kamẹrúùnù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003, gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú; wọ́n ní láti tún un ṣe kí omi tó bò ó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni igbó Deng Deng wà, níbi tí àwọn ìnàkí ńlá ń gbé. Ní ọdún 2010 ni ìjọba Kamẹrúùnù sọ igbó yìí di igbó àdáàbòbò, kí àwọn ẹranko má bàa ṣègbé nítorí iṣẹ́ náà. Ohun tí ó dára ni èyí, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ńlá bá dé inú igbó, ọ̀nà mọ́tò a máa tẹ̀ lé e, apẹja a máa tẹ̀ lé ọ̀nà, ọdẹ a máa tẹ̀ lé apẹja, agégẹdú a sì tẹ̀ lé ọdẹ. Ìwé àṣẹ nìkan kò lè ṣọ́ igbó. Ènìyàn tí a ń san owó oṣù fún ní í ṣọ́ ọ.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ojú kò rí. Igi àti koríko tí omi bò a máa jẹrà nísàlẹ̀ adágún, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ìjẹrà náà a máa mú gáàsì kan tí a ń pè ní mẹ́tẹ́ènì jáde. Bí a bá wọ̀n ọ́n lọ́gbọọgba pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù tí ń bẹ nínú èéfín, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ìlọ́po 25 lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní Petit-Saut, ní ilẹ̀ Guyana ti Faransé ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti sé odò mọ́ igbó kìjikìji ní 1994, àwọn onímọ̀ wọn gáàsì yìí lọ́dọọdún, wọ́n sì rí i pé ó pọ̀ gidigidi, pàápàá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé iná omi kò ní èéfín, òtítọ́ ni ó sọ bí ó bá jẹ́ èéfín tí ojú ń rí ni. Ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni ó rí gbogbo èéfín.

Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù ní Lom Pangar nìyí. Láti ọdún 2015 ni omi tí a tọ́jú níbẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ yí ẹ̀rọ ní Song Loulou àti ní Edéa, kí iná lè tàn ní Douala àti ní Yaoundé. Àwọn ará apá ìlà-oòrùn tí ilẹ̀ wọn ń bẹ lábẹ́ omi ńkọ́? Ètò wà pé kí a gbé ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 30 mẹ́gáwáàtì sí ẹsẹ̀ ìsédò náà gan-an, kí ó máa tan iná fún wọn. Ó ju ọdún 5 lọ lẹ́yìn tí omi ti kún kí ẹ̀rọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn àgbà wa a máa wí pé omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Ní Lom Pangar, ó ṣàn kọjá. Ọdún lé ọdún ni ó ń ṣàn kọjá, àwọn tí ó ni ilẹ̀ sì jókòó nínú òkùnkùn, wọ́n ń wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Kamẹrúùnù nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a sé odò Ọya ní Kainji, tí omi sì kún ní 1968, nǹkan bí 44,000 ènìyàn ni ó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ní Akosombo ní ilẹ̀ Ghana, tí wọ́n parí ní 1965, nǹkan bí 80,000 ni ó ṣí kúrò. Àtọ̀sí ajá sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tí ń gbé etí adágún náà, nítorí pé ìgbín omi tí ń gbé àrùn yìí kiri fẹ́ràn omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ ju omi tí ń ṣàn lọ. Iná ni a rò pé a ń rà. A kò mọ̀ pé àrùn wà nínú ọjà náà.

ORÚKỌ TÍ Ó WÀ LÁRA ÌSÉDÒ

Ìsédò ńlá tí ó parí láìpẹ́ lórí Sanaga ń jẹ́ Nachtigal, kò jìnnà púpọ̀ sí Yaoundé. Ẹ̀rọ 7 ni ó wà níbẹ̀, agbára gbogbo wọn sì jẹ́ 420 mẹ́gáwáàtì. Ní 2024 ni àkọ́kọ́ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí mú iná wá, ní 2025 ni gbogbo wọn sì pé. Ìjọba Kamẹrúùnù, ilé iṣẹ́ iná ilẹ̀ Faransé tí a ń pè ní EDF, àti ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé tí ń bá àwọn oníṣòwò dókòwò wà lára àwọn tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Gustav Nachtigal ni ará Jámánì tí ó wá ta àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ sókè ní Douala ní oṣù keje ọdún 1884, lẹ́yìn tí àwọn ọba Duala, Bell àti Akwa, ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Nínú àdéhùn náà, ilẹ̀ àwọn aráàlú yóò máa jẹ́ ti àwọn aráàlú. Kò tó ọgbọ̀n ọdún tí ìjọba Jámánì fi fẹ́ lé àwọn Duala kúrò létí odò, kí àwọn òyìnbó lè máa gbé ibẹ̀, kí èbúté sì lè gbòòrò. Wọ́n ní ìdàgbàsókè ìlú ni, wọ́n sì ní nítorí ìlera ni. Ọba Rudolf Duala Manga Bell, ọmọ-ọmọ ọba Bell tí ó fọwọ́ sí ìwé, kọ̀ jálẹ̀. Kò gbé ìbọn; ìwé ni ó kọ. Ó fi àdéhùn 1884 han ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì, ó sì béèrè pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n so ó kọ́, pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, Ngoso Din.

Kì í ṣe pé ìsédò òde òní àti ìkà ọdún 1914 dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rárá. Àwọn tí ó kọ́ Nachtigal ka àwọn tí iṣẹ́ náà yóò kàn. Wọ́n ka àwọn apẹja, wọ́n sì ka àwọn tí ń wọ inú odò láti wa yanrìn tí a fi ń kọ́ ilé ní Yaoundé, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú. Ìlọsíwájú ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Douala kò gbọdọ̀ ṣègbé: láti ayé àtijọ́ ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní agbára. Ìdàgbàsókè ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ nígbà náà, ìdàgbàsókè náà ni ó ń jẹ́ lónìí. Ohun tí ó ya ìdàgbàsókè òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìfipágbà ni pé kí ẹni tí ó ni ilẹ̀ gbọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ó gbà, kí ó sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ń wa yanrìn, a lè san owó ọdún kan fún un. Bí ọdún náà bá parí, kí ni yóò máa wà?

ÈÉFÍN INÚ ÌLÚ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Douala fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dá fi han ìjọba pé odò nìkan kò tó, wọ́n kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi epo dúdú mú iná jáde. Ọ̀kan wà ní Limbe, òmíràn wà ní Dibamba, lẹ́bàá Douala, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009. Lẹ́yìn náà ni ti Kribi dé ní 2013, tí ń lo gáàsì láti abẹ́ òkun, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 216 mẹ́gáwáàtì. Gáàsì mọ́ ju epo dúdú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní èéfín. Epo dúdú sì wọ́n, ó sì ń rùn. Kún èyí ní ẹ̀rọ amúnáwá tí ń ké lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àti lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí iná bá lọ. Èyí kò ṣàjèjì sí ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn.

Èéfín mìíràn tún wà tí kò ti ilé iṣẹ́ iná wá. Ní Youpwè, níbi tí àwọn apẹja ti ń já ẹja, àwọn obìnrin a máa yan ẹja fún ọjà. Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni igi etí ọ̀sà, àwọn igi wọ̀nyẹn tí gbòǹgbò wọn yọ síta lórí ẹrẹ̀ bí ìka ọwọ́. Ó máa ń jó pẹ́, bí ó tilẹ̀ tútù díẹ̀, ó sì máa ń fún ẹja ní àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́. Ṣùgbọ́n igi yìí kan náà ni ń dá ìgbì omi dúró, òun ni ń di ilẹ̀ mú, abẹ́ gbòǹgbò rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ń dàgbà sí. Ẹni tí ń gé e láti fi yan ẹja, ẹja ọ̀la ni ó ń dáná sun lórí ẹja òní. Àwọn tí ń wá ilẹ̀ ìkọ́lé pẹ̀lú sì ń gé e, wọ́n ń fi yanrìn di ẹrẹ̀.

Òjò tí ń rọ̀ ní Douala lọ́dún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4 bí a bá dá a jọ, ìyẹn sì tó ìlọ́po méjì ti Èkó. Níbo ni omi yóò gbà bí a bá ti dí gbogbo ẹrẹ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọ̀pọ̀ àdúgbò Douala ni omi kún débi pé àwọn ènìyàn ń wọ́dò nínú ilé wọn. Ayé tí ó ń gbóná sí i yóò sì máa fi kún irú òjò bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níhìn-ín. Iná Nachtigal dé, igi etí ọ̀sà kò sì yé di gígé. Èé ṣe? Nítorí pé obìnrin tí ń yan ẹja kò ní owó tí yóò fi ra ohun ìdáná mìíràn, iná tí ó sì dé ilé rẹ̀, bí ó bá dé rárá, gílóòbù ni ó lè tàn, kò lè se ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí a gba igbó là nípa kíkọ́ ìsédò, tí kò sì ronú nípa ààrò obìnrin yìí, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Ààrò tí kì í jẹ igi púpọ̀, gáàsì ìdáná tí owó rẹ̀ kò ga, àti igi tí a gbìn fún ìdáná nìkan, wọn kò náni tó ìsédò kan, ṣùgbọ́n wọn kì í ní ọjọ́ ìṣílé. Kò sí òṣèlú tí ń gé tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ níwájú ààrò.

ODÒ KÒ MỌ ÀÀLÀ

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹlòmíràn ni èyí, kí ó ranti odò Benue. Ní Lagdo, ní àríwá Kamẹrúùnù, wọ́n sé odò náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1982. Nàìjíríà ni omi náà ń ṣàn sí. Àdéhùn ìgbà náà ni pé Nàìjíríà yóò kọ́ ìsédò tirẹ̀ sí Dasin Hausa, ní ìpínlẹ̀ Adamawa, kí ó lè gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Ogójì ọdún kọjá, a kò kọ́ ọ. Ní 2012 omíyalé ṣẹlẹ̀, ó lé ju mílíọ̀nù 2 ènìyàn kúrò nílé. Ní 2022 ó tún ṣẹlẹ̀, ó pa ju 600 ènìyàn lọ. A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ aládùúgbò wa. Òjò tí ó rọ̀ nínú ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú omi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé aládùúgbò òun ní àmù ńlá lókè, tí kò sì la gọ́tà sí ìsàlẹ̀, nígbà tí omi bá dé, kí ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ wí.

Nílé pàápàá, a ní tiwa. Ìsédò Ọyán, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni a ṣí ní 1983. Ẹ̀rọ iná 3 ni a gbé síbẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3 mẹ́gáwáàtì. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí a kò fi wọ́n mú iná jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù omi tí a ń tú sílẹ̀ níbẹ̀ kò yé bá àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò Ògùn. A san owó náà, a kò rí ọjà gbé. Síbẹ̀, ìpèsè ńlá mìíràn ti wáyé ní Zungeru, ti Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba sì ti wà nínú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń sọ pé agbára rẹ̀ yóò ju 3,000 mẹ́gáwáàtì lọ.

KÍ NI Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ?

Kò sí ẹni tí ń sọ pé kí Kamẹrúùnù padà sí fìtílà. Ọmọ tí ń kàwé lálẹ́ fẹ́ iná. Ilé ìwòsàn fẹ́ iná. Ẹja tí a lè fi sínú ẹ̀rọ amómitutù kì í fi dandan jẹ́ ẹja yíyan. Ìjọba Kamẹrúùnù sì ń gbèrò ìsédò mìíràn lórí Sanaga, tí a ń pè ní Grand Eweng, tí yóò ju gbogbo àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ bí wọ́n bá kọ́ ọ. Kí àkọ́kọ́ pákó tó wọlẹ̀, nǹkan mẹ́rin yẹ ní bíbéèrè, ní Douala àti ní Àbújá pẹ̀lú.

Ìkíní, kí a ka gbogbo gbèsè náà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí àwọn abúlé gbọ́: igi mélòó, oko mélòó, ẹja mélòó, ibojì mélòó. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, ẹni tí kò lè kàwé ni í san án.

Èkejì, kí iná kọ́kọ́ tàn ní abúlé tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn ọdún 5. Kí ó jẹ́ ní ọjọ́ kan náà tí omi bá kún. Bí èyí bá wọ inú òfin, ìrora Lom Pangar kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe. Kọnkéré Song Loulou ń wú, ó sì ń là, nítorí pé òkúta àti sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ń bá ara wọn jà. Ìsédò náà ń fẹ́ ìtọ́jú gidi. Wáyà tí ó ti gbó ń jò iná dànù lójú ọ̀nà. Iná tí a gbà là lójú wáyà kò bo abúlé kankan mọ́lẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Maroua àti ní Guider, ní apá àríwá tí oòrùn ti ń mú, wọ́n ti tẹ́ ohun èlò tí ń gba iná láti ara oòrùn. Agbára méjèèjì papọ̀ jẹ́ 36 mẹ́gáwáàtì nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ láti 2023. Ó kéré, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, nígbà tí odò bá fà, ni oòrùn máa ń ràn jù. Odò àti oòrùn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ẹ̀yin ará, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìlú náà rí bẹ́ẹ̀. Bí Douala bá gbàgbé Lom Pangar, Mbakaou àti Bamendjin, bí àwa náà bá gbàgbé àwọn tí ó kúrò ní Kainji, ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn tí ó wà lórísun yóò kọ̀ fún wa, wọn kò sì ní jẹ̀bi. Ní alẹ́ yìí, bí ẹ bá dé ilé tí ẹ sì tẹ iná, tí ó sì tàn, ẹ bi ara yín pé: ta ni ó wà nínú òkùnkùn kí èyí lè tàn? Ẹ mọ orúkọ abúlé rẹ̀. Nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá sì dé ẹnu ọ̀nà yín, tí ó ṣe ìlérí iná fún yín, ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣe fún abúlé náà.